Píkọ́ọ̀pù àbí jíìpù? Ẹ̀yìn ọkọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò

Ìbéèrè: "Ẹ̀gbọ́n wa, ẹ kú iṣẹ́. Káfíńtà ni mí, mo ní ìyàwó àti ọmọ méjì, ọ̀kan jẹ́ ọmọ ọdún 4, èkejì jẹ́ ọmọ ọdún 9. Ojoojúmọ́ ni mò ń gbé wọn lọ sí ilé ìwé nínú ìgboro kí n tó kọjá síbi iṣẹ́, kò sì jìnnà. Bí ẹ̀ẹ̀mẹta lóṣù ni mo máa ń kó pákó àti irinṣẹ́ tó wúwo. Ọ̀nà tó wọ ilé wa kò ní ọ̀dà fún nǹkan bíi kìlómítà méjì, ó sì máa ń di ẹrẹ̀ nígbà òjò. Ọkọ̀ àlòkù kan ṣoṣo ni agbára mi ká, mo sì fẹ́ kí ó ṣe gbogbo rẹ̀. Bàbá mi ní píkọ́ọ̀pù ni kí n rà, pé ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lágbára ju ti jíìpù lọ. Ọ̀rẹ́ mi ní jíìpù ni, pé kò sí ibi tí kò lè dé. Èwo ni kí n gbà nínú méjèèjì?"

Mo ka ìbéèrè yín lẹ́ẹ̀mejì kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí kọ èsì, nítorí pé nǹkan méjì ló wà nínú rẹ̀. Èkíní ni èyí tí ẹ kọ síta, pé èwo ló dára jù. Èkejì ni ohun tó ń kọ yín lóminú gan-an: owó yìí kò ṣe é ná lẹ́ẹ̀mejì, ẹ kò sì fẹ́ ra ọkọ̀ tí yóò gbé pákó dáadáa ṣùgbọ́n tí àwọn ọmọ yóò máa sunkún nínú rẹ̀, ẹ kò sì fẹ́ èyí tí yóò tu àwọn ọmọ lára ṣùgbọ́n tí yóò sọ iṣẹ́ yín di ìnira. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń tú irú àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí palẹ̀ tí mo sì ń tò wọ́n padà. Mo ti ní píkọ́ọ̀pù, mo ti ní jíìpù. Ọ̀pọ̀ àwọn oníbàárà mi tó ta ọkọ̀ wọn kí ọdún kan tó pé, ọkọ̀ náà kò ṣe wọ́n ní nǹkan kan. Wọ́n kàn ra ọkọ̀ tí kò bá ìrìn ojoojúmọ́ wọn mu ni. Èyí ni mi ò fẹ́ kó ṣẹlẹ̀ sí yín.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ tú ọ̀rọ̀ náà "jíìpù" wò, torí òun ló ń ṣi ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́nà. Ọkọ̀ tí àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà ń lò láti 1941 ni orúkọ náà ti wá, ṣùgbọ́n lẹ́nu wa, ọkọ̀ èyíkéyìí tó bá ti ga, tí ẹ̀yìn rẹ̀ sì ní òrùlé àti búùtù tó dúró gbagidi, jíìpù là ń pè é. Irú méjì tó yàtọ̀ síra ló ń jẹ́ orúkọ kan ṣoṣo yìí. Irú àkọ́kọ́ ni èyí tí wọ́n kọ́ sórí ṣáásì, ìyẹn irin gbọọrọ méjì tó lọ láti iwájú dé ẹ̀yìn, tí wọ́n fi irin mìíràn dá lọ́nà, tí ẹ́ńjìnnì, gíà àti táyà ti wà lórí rẹ̀ tán kí wọ́n tó gbé ara ọkọ̀ lé e bí ẹni gbé ilé lé ìpìlẹ̀. Toyota Land Cruiser, Prado, Fortuner, Ford Everest àti Suzuki Jimny kékeré wà nínú ìdílé yìí. Irú kejì kò ní ṣáásì lọ́tọ̀. Ara ọkọ̀ náà ni egungun rẹ̀, gẹ́gẹ́ bó ṣe rí fún ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tó wà nílẹ̀. Toyota RAV4, Honda CR-V àti Highlander wà níbẹ̀. Irú kejì yìí fúyẹ́, kì í jẹ epo púpọ̀, ó sì ń rìn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ lórí ọ̀dà, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ní gíà ìsàlẹ̀ tí a fi ń yọ ọkọ̀ nínú ẹrẹ̀ jíjìn. Àmọ́ ẹ má ṣe sọ ọ́ di òfin pé èyí tí kò bá ti ní ṣáásì kò lágbára, torí Land Rover Defender tuntun tó jáde ní 2019 kò ní ṣáásì lọ́tọ̀, síbẹ̀ ó ń la odò tó jìn tó 90 sẹ̀ǹtímítà kọjá. Nígbà tí ọ̀rẹ́ yín bá ní jíìpù lè dé ibikíbi, ẹ bi í pé jíìpù wo.

Ní ti ọ̀rọ̀ bàbá yín, ó ní ìdí tí wọ́n fi sọ ọ́. Nígbà tí àwọn àgbà wa ń wa ọkọ̀, píkọ́ọ̀pù jẹ́ ọkọ̀ iṣẹ́ tí kò ní wáyà púpọ̀ nínú, ohun tó lè bàjẹ́ lára rẹ̀ kò pọ̀, ẹni tó bá sì mọ sípánà dì mú lè tún un ṣe lábẹ́ igi. Láti 1968 ni Hilux, píkọ́ọ̀pù Toyota, ti wà, iṣẹ́ ló sì fi gba orúkọ rere tó ní. Ṣùgbọ́n pé ẹ́ńjìnnì píkọ́ọ̀pù lágbára ju ti jíìpù lọ, kò rí bẹ́ẹ̀ mọ́. Bí ẹ bá bọ́ ara Fortuner sílẹ̀, ìbátan Hilux lẹ máa bá lábẹ́ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni Everest ṣe jẹ́ sí Ford Ranger, bẹ́ẹ̀ ni Isuzu MU-X sí D-Max, bẹ́ẹ̀ sì ni Mitsubishi Pajero Sport sí L200. Ọmọ ìyá ni wọ́n. Ẹ́ńjìnnì kan náà, gíà kan náà ni ẹ ó sábà bá nínú àwọn méjèèjì tó bá jáde ní àkókò kan náà, láti ìjókòó awakọ̀ lọ sí iwájú, agbára káká lẹ fi máa mọ̀ wọ́n yàtọ̀. Ẹ̀yìn awakọ̀ ni ọ̀nà wọn ti pín. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń sọ fún ẹni tó bá bi mí ní irú ìbéèrè yìí pé kó pa bọ́nẹ́ẹ̀tì dé fún ìgbà díẹ̀, kó lọ dúró sí ẹ̀yìn ọkọ̀.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ kí ẹ wo abẹ́ Hilux láti ẹ̀yìn. Ẹ ó rí àwọn irin pẹlẹbẹ tó tẹ̀ bí ọrun, tí wọ́n tò léra tí wọ́n sì dì pọ̀ láàárín. Lífù ni àwa mẹkáníìkì ń pè é. Iṣẹ́ tí wọ́n rán an ni pé kó gbé ẹrù tó tó tọ́ọ̀nù kan láìjẹ́ kí ìdí ọkọ̀ wọlẹ̀, irin tó bá sì le tó láti gbé tọ́ọ̀nù kan kò lè rọ̀ fún ọmọ kékeré méjì àti báàgì ìwé wọn. Bí ọkọ̀ bá ṣófo tó sì kó sí kòtò, lífù yìí kì í tẹ̀ bó ṣe yẹ, ńṣe ló máa ń ta ẹ̀yìn ọkọ̀ sókè, àwọn tó jókòó sẹ́yìn ló sì ń jẹ ìyà rẹ̀ jù. Ẹ kó 300 kílò sí i, ẹ padà gba ọ̀nà kan náà, ẹ ó rò pé ọkọ̀ mìíràn lẹ̀ ń wà. Sípíríǹgì tó ká roboto ni Fortuner ní lẹ́yìn ní tirẹ̀, wọ́n sì ṣe é fún ènìyàn ju ẹrù lọ. Kò rọ̀ tó ti ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, ṣùgbọ́n ọmọ lè sùn nínú rẹ̀. Àwọn píkọ́ọ̀pù díẹ̀ wà tó yàtọ̀ sí èyí: Nissan Navara onílẹ̀kùn mẹ́rin tó jáde láti 2014 ní sípíríǹgì tó ká lẹ́yìn ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, Honda Ridgeline kò sì lo lífù rárá. Ohun mìíràn tún wà tí àwọn òbí kì í kíyè sí títí wọ́n á fi rìn jìnnà, ìyẹn ni pé ẹ̀yìn ìjókòó àwọn ọmọ nínú píkọ́ọ̀pù sábà máa ń dúró ṣánṣán, torí ògiri ibi ìkẹ́rù wà lẹ́yìn rẹ̀ gan-an, kò sì sí àyè láti dà á sẹ́yìn. Tí ọmọ ọdún 4 yín bá ṣì ń lo ìjókòó ọmọdé, ẹ gbé ìjókòó náà dání lọ síbi tí ẹ ti fẹ́ wo ọkọ̀, kí ẹ dè é níbẹ̀ kí ẹ tó dá sí ọ̀rọ̀ owó.

Ẹ̀yìn tó ṣófo yìí ní ewu kan tó ju ìnira lọ. Ẹ́ńjìnnì, gíà àti àwọn èrò wà níwájú àti láàárín, nítorí náà ìwúwo tó wà lórí táyà ẹ̀yìn píkọ́ọ̀pù tí kò ru ẹrù kéré, àwọn táyà ẹ̀yìn yìí náà ló sì ń ti ọkọ̀ lọ. Ní ọdún tí mo kọ́kọ́ ní píkọ́ọ̀pù, mo já ẹrù sílẹ̀, mo ń padà bọ̀ wálé lófìfo, òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kán, epo àti eruku tó wà lójú títì sì ti pò pọ̀ di bíi ọṣẹ. Mo wọ kọ́nà kan tí mo ti wọ̀ láìmọye ìgbà, mo tẹ tọ́tù díẹ̀, ẹ̀yìn ọkọ̀ sì rọra ṣáájú mi. Nígbà tí ó máa dúró, gíláàsì iwájú ni mo fi ń wo ibi tí mo ti ń bọ̀. Kò sí ọkọ̀ mìíràn lójú ọ̀nà, ìyẹn nìkan ló yọ mí. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń béèrè lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó fẹ́ ra píkọ́ọ̀pù bóyá ó ní ẹ̀rọ tí ń dá ọkọ̀ dúró nígbà tó bá fẹ́ yọ̀, èyí tó máa ń tẹ bíréèkì táyà kọ̀ọ̀kan fúnra rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, òfin sọ ọ́ di dandan fún gbogbo ọkọ̀ tuntun tí kò wúwo jù, tó fi mọ́ píkọ́ọ̀pù, láti orí ọkọ̀ ti ọdún 2012. Nínú ọkọ̀ àlòkù tó dàgbà ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó lè wà, ó lè má sí. Ẹ yí kọ́kọ́rọ́ láìtí ì tan ẹ́ńjìnnì: tó bá wà, iná kékeré tó ní àwòrán ọkọ̀ tó ń yọ̀ yóò tàn nínú dáṣíbọ́ọ̀dù, yóò sì kú lẹ́yìn tí ẹ bá tan ẹ́ńjìnnì. Tí kò bá tàn rárá, bóyá kò sí níbẹ̀, bóyá ẹnì kan sì ti yọ gílóòbù rẹ̀ láti fi bo àrùn mọ́lẹ̀. Fún ọkọ̀ tí yóò máa gbé ọmọ lọ sí ilé ìwé lójoojúmọ́, mi ò ní gbà yín nímọ̀ràn láti rà á láìsí èyí.

Wàyí o, pákó yín. Ibí ni mo rò pé ìyàlẹ́nu máa bá yín. Ẹ mú tépù tí ẹ fi ń wọn igi dání. Ibi ìkẹ́rù Hilux onílẹ̀kùn mẹ́rin gùn tó nǹkan bíi mítà kan àbọ̀, ti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò sì jìnnà sí i. Pílíwúùdù odidi kan gùn ní 2.44 mítà, ó sì fẹ̀ ní 1.22 mítà. Èyí túmọ̀ sí pé yóò yọ jáde lẹ́yìn ní fẹ̀ẹ́rẹ̀ẹ́ mítà kan, ilẹ̀kùn ibi ìkẹ́rù á ṣí sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ fífẹ̀ tún wà ńbẹ̀: òkè tó bo táyà ẹ̀yìn yọ wọ inú ibi ìkẹ́rù ní ọ̀tún àti òsì, àlàfo tó sì wà láàárín òkè méjèèjì nínú ọ̀pọ̀ píkọ́ọ̀pù onílẹ̀kùn mẹ́rin kò pé 1.22 mítà. Pílíwúùdù kò ní sùn pẹrẹsẹ sílẹ̀. Orí òkè táyà ló máa dúró sí, abẹ́ rẹ̀ á ṣófo, á sì máa tẹ̀ bí ọkọ̀ bá ń fò. Volkswagen Amarok wà lára àwọn díẹ̀ tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fún ní àlàfo tó gba ìwọ̀n yìí. Píkọ́ọ̀pù onílẹ̀kùn méjì ni ibi ìkẹ́rù rẹ̀ gùn dáadáa, ó lé ní mítà méjì, ṣùgbọ́n kò sí ibi tí àwọn ọmọ máa jókòó sí. Nítorí náà, ẹni tó rò pé píkọ́ọ̀pù onílẹ̀kùn mẹ́rin jẹ́ odidi ọkọ̀ ẹrù àti odidi ọkọ̀ ìdílé ti gbàgbé pé ilẹ̀ kan náà ni wọ́n pín sí méjì. Ibi tó ti wúlò jù ni ẹrù tó dọ̀tí, tó ga, tàbí tó ń rùn: iyanrìn, ẹ̀rọ tí epo ń jò lára rẹ̀, gáàsì, ọ̀dà. Irú ẹrù bẹ́ẹ̀ kò yẹ kó wà nínú yàrá kan náà pẹ̀lú ọmọ ènìyàn, jíìpù kò sì ní ìdáhùn sí i.

Lórí ọ̀rọ̀ tọ́ọ̀nù kan yẹn, ẹ jẹ́ kí n fi kún un pé gbogbo ohun tó bá wọ inú ọkọ̀ ni wọ́n ń kà mọ́ ọn. Bí ìwé ọkọ̀ bá sọ pé 1,000 kílò ló lè gbé, tí àgbàlagbà márùn-ún tó wọn 75 kílò ẹnì kọ̀ọ̀kan sì jókòó sínú rẹ̀, 375 ti lọ nìyẹn. Ẹ fi ìbòrí onírin sí ẹ̀yìn, ẹ fi báńpà irin sí iwájú, ẹ gbé àpótí irinṣẹ́ tí kì í kúrò níbẹ̀ sí i, ohun tó ṣẹ́kù fún pákó kò ní fi bẹ́ẹ̀ ju 400 kílò lọ. Ọ̀pọ̀ ṣáásì tí mo ti rí tó tẹ̀ lẹ́yìn ìjókòó awakọ̀, bí ó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyẹn: ẹrù pọ̀ jù, gbogbo rẹ̀ sì wà lẹ́yìn táyà ẹ̀yìn, òun ló wá bá kòtò pàdé.

Ọ̀rọ̀ fọ́ọ̀-wíìlì, ìyẹn kí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jọ máa ti ọkọ̀ lọ, ni àṣìṣe ti pọ̀ jù. Lákọ̀ọ́kọ́, kì í ṣe gbogbo píkọ́ọ̀pù ló ní in. Àlòkù tó pọ̀ lọ́jà jẹ́ èyí tí táyà ẹ̀yìn nìkan ń tì, irú rẹ̀ tí kò bá sì ru ẹrù máa ń há sínú ẹrẹ̀ tí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kékeré tí táyà iwájú ń fà máa là kọjá, torí ìwúwo ẹ́ńjìnnì wà lórí táyà iwájú ti èkejì. Lẹ́ẹ̀kejì, ti inú ọ̀pọ̀ píkọ́ọ̀pù kò wà fún ọ̀dà gbígbẹ. Bí ọkọ̀ bá yí kọ́nà, táyà iwájú máa ń rin ọ̀nà tó gùn ju ti ẹ̀yìn lọ. Nínú àwọn jíìpù bíi Prado, dífù kan wà láàárín tó ń jẹ́ kí iwájú àti ẹ̀yìn yí bó ṣe wù wọ́n, ìyẹn ni wọ́n fi lè máa lò ó nígbà gbogbo. Nínú Hilux àti ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀, kò sí dífù àárín yìí. Tí ẹ bá ti wọ fọ́ọ̀-wíìlì, iwájú àti ẹ̀yìn ti di ọ̀kan. Lórí ẹrẹ̀, táyà á yọ̀ díẹ̀, ara á tu ú. Lórí ọ̀dà gbígbẹ, kò ní lè yọ̀, gbogbo ìfàkanfà náà á wá dúró sínú gíà. Oníbàárà kan gbé tirẹ̀ wá bá mi lẹ́yìn tó ti wà á bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan nínú ìgboro, ó ní sítiárín ń le, ọkọ̀ sì ń fò bí ẹni tó ń tiro nígbà tí òun bá ń yà. Nígbà tí mo tú àpótí gíà kejì, èyí tó ń pín agbára sí iwájú àti ẹ̀yìn, ṣéènì inú rẹ̀ ti gùn ju bó ṣe yẹ lọ, ó ti ha ara àpótí náà láti inú, lẹ́búlẹ́bú irin tó ń dán sì wà ní ìsàlẹ̀ ọ́ìlì. Ẹ má sì ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé fọ́ọ̀-wíìlì ń jẹ́ kí ọkọ̀ tètè dúró. Bíréèkì àti táyà ló ń dá ọkọ̀ dúró; fọ́ọ̀-wíìlì ń jẹ́ kí ó gbéra ni. Gíà ìsàlẹ̀ tó máa ń bá a rìn, èyí tó ń sọ agbára di ìlọ́po méjì àbọ̀ nínú ọ̀pọ̀ píkọ́ọ̀pù, ni ohun iyebíye fún ẹrẹ̀ jíjìn àti òkè tó dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ kọ́kọ́ náwó sórí táyà tó dára. Táyà tó ti jẹ kò ní mú ilẹ̀, bó ti wù kí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin máa yí tó.

Nípa ibi tí jíìpù lè dé, gígùn ọkọ̀ náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Hilux onílẹ̀kùn mẹ́rin gùn ní mítà 5.3, Fortuner tó jẹ́ àbúrò rẹ̀ gùn ní 4.8. Àárín táyà iwájú àti ẹ̀yìn ti Hilux lé ní mítà mẹ́ta, ti Fortuner jẹ́ mítà 2.75. Bí ilẹ̀ bá wú láàárín, ikùn èyí tó gùn ló kọ́kọ́ ń gbá a. Bí ẹ bá sì ń jáde nínú kòtò, ìdí píkọ́ọ̀pù tó gùn sẹ́yìn ló máa ń wọ́ nílẹ̀. Ní ìgboro, ìdajì mítà yìí náà ni yóò mú kí ẹ wọlé sí ibi ìgbọ́kọ̀sí lẹ́ẹ̀kan tàbí kí ẹ lọ síwá sẹ́yìn lẹ́ẹ̀mẹta nígbà tí àwọn òbí mìíràn ń fun fèrè lẹ́yìn yín.

Ohun kan wà tí ẹ kò béèrè, tó sì lè ná yín lówó ju gbogbo rẹ̀ lọ: dísù. Ẹ ní ilé ìwé kò jìnnà. Ọ̀pọ̀ píkọ́ọ̀pù àti jíìpù onídísù tó jáde láàárín nǹkan bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sẹ́yìn ní asẹ́ kan nínú sàlẹ́ńsà tó ń gba èédú inú èéfín dúró. Bí asẹ́ náà bá fẹ́ kún, ọkọ̀ á sun èédú náà fúnra rẹ̀ nípa mímú kí inú rẹ̀ gbóná tó nǹkan bíi dígírì 600, ó sì nílò ìrìn tó gùn díẹ̀ tí kò dúró kó tó lè jó o tán. Ọkọ̀ tó bá ń rin ìṣẹ́jú mẹ́wàá lójúmọ́, tó ń dúró, tó tún ń kú, kì í rí àyè ṣe é. Asẹ́ á dí, iná á tàn nínú dáṣíbọ́ọ̀dù, agbára ọkọ̀ á lọ sílẹ̀, nígbà mìíràn dísù tí kò jó tán á sì kán wọ inú ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì. Owó asẹ́ tuntun kì í ṣe kékeré. Fún ìrìn bíi tiyín, ẹ́ńjìnnì pẹtiróòlù ló yẹ kí ẹ wá, tí ẹ bá lè rí i, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ń jẹ epo díẹ̀ sí i. Bó bá sì jẹ́ onídísù ni ẹ rí, ẹ gbà lọ́kàn pé ẹ ó máa gbé e jáde sójú ọ̀nà tó já gaara fún nǹkan bí ààbọ̀ wákàtí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ní ti epo fúnra rẹ̀, ìyàtọ̀ tó wà láàárín píkọ́ọ̀pù àti jíìpù tí wọ́n jọ wà lórí irú ṣáásì kan náà kò tó nǹkan. Méjèèjì wúwo tó tọ́ọ̀nù méjì, méjèèjì sì ń fi àyà gbá afẹ́fẹ́. Jíìpù aláìní-ṣáásì ló ń dín in kù ní tòótọ́.

Bí a bá wá pa gbogbo rẹ̀ pọ̀ sórí ẹjọ́ tiyín, kíkà ọjọ́ ni mo ṣe. Ẹ̀ẹ̀mẹta lóṣù lẹ ń kó pákó. Ọjọ́ tó kù, àwọn ọmọ àti báàgì ìwé ló wà nínú ọkọ̀. Píkọ́ọ̀pù á wà lófìfo fún bí ọjọ́ 27 nínú 30, òfìfo yìí gan-an sì ni ipò tí kò dára fún un. Tí ó bá jẹ́ èmi ni, jíìpù orí ṣáásì láti inú ìdílé Fortuner, Everest tàbí MU-X ni mo máa rà, èyí tó ní fọ́ọ̀-wíìlì, màá sì ra ọkọ̀ àfàlẹ́yìn kékeré kan tí òfin ibi tí ẹ wà bá gbà á. Èyí tí kò ní bíréèkì tirẹ̀ sábà máa ń jẹ́ 750 kílò pẹ̀lú ẹrù inú rẹ̀, pílíwúùdù á sùn pẹrẹsẹ nínú rẹ̀, tí iṣẹ́ bá sì parí, ẹ ó tú u sílẹ̀ sí ẹ̀yìnkùlé. Ẹ kò gbọ́dọ̀ ru pákó sórí òrùlé jíìpù láìka ìwé rẹ̀, torí ọ̀pọ̀ òrùlé kò gbà ju bíi 75 sí 100 kílò lọ, irin ìdẹ̀rù tí wọ́n gbé lé e náà sì wà nínú òǹkà yẹn. Mo mọ̀ pé èyí kò bá ọ̀rọ̀ bàbá yín mu, mo sì bẹ̀ yín kí ẹ fi ọ̀wọ̀ ṣàlàyé fún wọn. Bí iṣẹ́ bá gbòòrò tí ẹ bá ń kó ẹrù lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, èsì mi á yí padà sí píkọ́ọ̀pù, kí ẹ sì máa fi àpótí irinṣẹ́ tó wúwo sínú rẹ̀ nígbà gbogbo, kí ẹ dè é mọ́lẹ̀ ní ọ̀kánkán táyà ẹ̀yìn.

Ohun tí mi ò lè bá yín wò láti ibí ni kìlómítà méjì yẹn. Ẹ lọ síbẹ̀ lẹ́yìn òjò ńlá pẹ̀lú tépù yín, kí ẹ wọn bí ibi tí táyà ti gbẹ́ ṣe jìn tó sí òkìtì àárín. Tí kò bá tó 15 sẹ̀ǹtímítà, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì le, jíìpù aláìní-ṣáásì tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń tì á kọjá, ẹ ó sì tọ́jú owó epo púpọ̀. Tí ó bá ti sún mọ́ 20, èyí tó ní ṣáásì lẹ nílò, torí ikùn tiwọn sábà máa ń ga ju 20 lọ díẹ̀.

Ní ọjọ́ tí ẹ bá lọ wo ọkọ̀, ẹ dùbúlẹ̀ sábẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì kí ẹ tó wo kíkùn rẹ̀. Ẹ fi ìdí súkúrúdiráífà kan ṣáásì láti iwájú lọ sẹ́yìn. Irin tó dára á dún gooro, ibi tó ti dógùn-ún láti inú á dún bòm̀bòm̀, ibẹ̀ kò ṣe é dárí jì. Ẹ jẹ́ kí mẹkáníìkì tú nọ́ọ̀tì ọ́ìlì dífù ẹ̀yìn, kó fi ìka kan ọ́ìlì náà. Bí ó bá funfun bíi wàrà, omi ti wọ inú rẹ̀, ọkọ̀ náà ti wọ odò tàbí àgbàrá tẹ́nikẹ́ni kò sì tọ́jú rẹ̀ lẹ́yìn náà. Ẹ wọ fọ́ọ̀-wíìlì àti gíà ìsàlẹ̀ rẹ̀ lórí ilẹ̀ tí kò ní ọ̀dà, torí ọ̀pọ̀ ni kò tí ì wọ̀ ọ́ rí láti ọdún mélòó kan, ó sì ti há. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ kó ìyàwó àti ọmọ méjèèjì sínú ọkọ̀ náà láìsí ẹrù kankan, kí ẹnì kan tí ọkàn yín balẹ̀ sí wà á lórí ọ̀nà tí kò dára ní bíi kìlómítà 40 láàárín wákàtí kan. Ẹ̀yin náà, ẹ jókòó sẹ́yìn pẹ̀lú wọn.